Bí Mo Ṣe Lọ Wá Àwẹ̀ró ní Ìlú Ẹsẹ̀-Kì-í-Kanlẹ̀

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yín, ẹ̀yin ọmọ ọlọ́kadà. Mo ní kí ẹ pa á! Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sí páàkì yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi etí kan gbọ́ kí etí kejì máa gbọ́ ariwo. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó, kó jókòó sórí alùpùpù rẹ̀. Ẹni tí kò bá ríbi jókòó, kó fara ti igi òdán. Èmi Ọdẹ́rìndé, ọmọ ọdẹ tó ta òjìji lọ́fà tí òjìji fi ṣẹ̀jẹ̀, èmi tí ẹkùn pàdé lọ́nà tó bi mí pé "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àlàáfíà ni?", ohun tó bà mí lẹ́rù ju ẹkùn lọ ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ṣíjúadé, ìwọ gan-an ni mo bá wá. Wọ́n ní o ra alùpùpù tuntun lánàá, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú bíi kìnnìún tí ebi ń pa. Wọ́n tún ní ọ̀la lo fẹ́ fi gbé àfẹ́sọ́nà rẹ lọ kí ìyá rẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo rí ọ tí ò ń wá bíréèkì rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko.

"Bàbá, mo ti mọ̀ ọ́n gùn!"

O ti mọ̀ ọ́n gùn. Ṣé o mọ̀ ọ́n dúró? Jókòó, ọmọ mi.

Nígbà tí irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, mo ní olólùfẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró. Ẹ̀yin ará, bí Àwẹ̀ró bá rẹ́rìn-ín, ọkàn mi a já bọ́ bí àgbọn tí afẹ́fẹ́ mì. Bó bá dákẹ́, n ó máa gbọ́ ìdákẹ́ rẹ̀ bí orin. Ojú rẹ̀ tutù bí omi inú àmù, bó bá sì ń lọ, ilẹ̀ tó tẹ̀ a máa wù mí í bẹ̀rẹ̀ kí. Ìfẹ́ pa mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń dá sọ̀rọ̀ láàárín igbó, tí àwọn ẹtu ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ọdẹ ni mí. Ọdẹ kì í rí ẹran arẹwà tó dúró jẹ́ẹ́ kó má bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló dẹ pańpẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí Àwẹ̀ró bá ní "Ọdẹ́rìndé, mo fẹ́ràn rẹ," n ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá Ọdẹ́rìndé mìíràn ló dúró níbẹ̀ tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ ń lọ, ìyá àgbà Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ àìsàn ní ìlú ìyá rẹ̀, òun ló sì lọ tọ́jú rẹ̀. Oṣù kan, kò dé. Oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, kò dé. Ní ọjọ́ kan odídẹrẹ́ kan bà sórí òrùlé mi, ó gbin bí ẹni tí oúnjẹ há lọ́fun, ohùn Àwẹ̀ró sì jáde lẹ́nu rẹ̀:

"Ọdẹ́rìndé ọkàn mi, ara ìyá àgbà ti yá, mo fẹ́ padà wálé. Ṣùgbọ́n ní ìlú yìí, ẹnì kan kì í dá jáde. Èèyàn méjì lórí alùpùpù kan ni òfin wí, ẹni tó ń wà á àti ẹni tó jókòó lẹ́yìn. Ọmọbìnrin tí òṣùpá àrànmọ́jú mẹ́rin bá sì bá níbí láìrí ẹni bá jáde, ti ìlú ni títí ayé. Mẹ́ta ti kọjá. Wá kí òòrùn ọjọ́ òṣùpá kẹrin tó wọ̀. Ládàpọ̀ ní kí n kí ọ."

Mo ní, "Odídẹrẹ́, ta ni Ládàpọ̀?"

Ó ní, "Wọn ò rán mi ní ìyẹn."

"Ọkùnrin ni?"

"Ṣé o ti rí obìnrin tó ń jẹ́ Ládàpọ̀ rí?" Ó fò lọ.

Ẹ wò ó, iná sọ lára mi. Àánú kọ́ ló gbé mi dìde, ìfura ni. Mo gbé àpò ọdẹ kọ́ èjìká, mo kọjú sí igbó.

Bí mo bá ní kí n máa ka igi igbó náà fún yín, ilẹ̀ yóò ṣú, àwọn èrò yín yóò sì fẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo dé oríta kan tí iwin olórí méjì jókòó sí. Orí kan ń rẹ́rìn-ín, orí kejì ń sunkún. Alùpùpù kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ga bí akọ màlúù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wú jáde bí ikùn aláboyún olóṣù mẹ́sàn-án.

Orí tó ń rẹ́rìn-ín ní, "Ọdẹ, o fẹ́ yára?"

Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Mo ti ń fura pé Ládàpọ̀ ló rán an.

Orí tó ń sunkún ní, "Dáhùn èyí kí o tó gùn ún. Ta ló ń yára dé ibi tí kò fẹ́ lọ?"

Mo ní, "Kò le. Ẹran tí ajá ń lé ni."

Orí kan ní "Ó gbà á," èkejì ní "Kò gbà á." Èyí tó dùn mọ́ mi ni mo gbọ́. Mo gun alùpùpù náà, mo fún un níná.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbé mi sá. Mo ní ó gbé mi, n ò ní mo gùn ún. Mo pe ọfọ̀ tí baba mi fi dá erin dúró. Alùpùpù kò gbọ́ èdè erin. Mo sọ̀ ọ́ di ẹ̀bẹ̀, mo pè é ní bàbá mi. Kò fẹ́ bímọ. A já sí àárín àwọn iwin tó ń sìnkú, a gba àárín agbo wọn kọjá, pósí òkú wọn sì fò wá jókòó sẹ́yìn mi. Nígbà tó pẹ́, òkú náà ṣí ìdérí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ọmọkùnrin, ṣé eléyìí kò ní bíréèkì ni?" Mo ní n ò mọ ibi tó wà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ mí síbí." Ó bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, tí òkú bá bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ nítorí ẹ̀mí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ẹnubodè ìlú ni mo bá ara mi, nínú òkìtì òwú tí wọ́n kó jọ síbẹ̀. Òwú náà kì í ṣe fún títà. Nítorí irú mi ni wọ́n ṣe kó o.

Oníbodè jáde sí mi lórí alùpùpù. Etí rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ aláta, igbá ìwọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì mi, ó ṣí ikùn rẹ̀, ó ń bu omi sí i, ó ń kà.

Ó ní, "Igbá mẹ́jọ. Ikùn èyí gba igbá mẹ́jọ. Ta ló kọ́ ọ ní gígùn rẹ̀?"

"Èmi ni mo kọ́ ara mi."

"Ta ló wá kọ́ ìwọ tó kọ́ ọ?"

Ó ti alùpùpù ńlá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fa kékeré kan jáde. Ikùn rẹ̀ kò gbà ju ife àgbo ọmọdé lọ. Nígbà tí wọ́n tan án, ohùn yànmùyánmú ni ó fi sọ̀rọ̀.

Oníbodè ní, "Òfin wa nìyí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí ni tirẹ̀. Bó bá gba ẹ̀kọ́, tó yege níwájú Ìyá Wòwájú, yóò gun èyí tí ikùn rẹ̀ gba igbá méjì. Ọdún méjì lórí ìyẹn kó tó fọwọ́ kan èyí tó gbé ọ wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbé èèyàn, ìbáà ṣe ìyá rẹ̀. Dé akoto yìí kí orí rẹ má baà fọ́, kí o sì so èyí mọ́ ẹ̀yìn."

Ohun tó nà sí mi, màrìwò ni.

Ẹ̀rù bà mí. Níbi tí wọ́n ti bí mi, ohun tí wọ́n bá so màrìwò mọ́, ó ti di ti òrìṣà. Mo bi í pé, "Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ pa mí?"

Ó ní, "Ọjọ́ tí o bá bọ́ ọ kúrò láìtíì mọ̀ ọ́n gùn lo máa kú. Ẹni tó bá rí màrìwò lẹ́yìn rẹ yóò yà fún ọ."

Mo so ó, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, ẹ̀hẹn! Wọ́n fún mi ní yànmùyánmú kí n má baà tètè dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró, wọ́n sì sàmì sí mi kí Ládàpọ̀ lè mọ̀ mí lọ́ọ̀ọ́kán.

Ilẹ̀ ìlú yẹn gbóná bí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í kàn án. Orí pèpéle pákó ni wọ́n ń gbé, orí alùpùpù ni wọ́n ń ṣe gbogbo nǹkan yòókù. Mo rí ìyá arúgbó tó ń gé ilá lórí alùpùpù, mo rí ọkọ àti aya tó ń jà, tí oníkálùkù jókòó sórí tirẹ̀ tí wọ́n ń yí ara wọn po bí àkùkọ. Nígbà tí wọ́n parí ìjà, wọ́n fi fèrè bẹ ara wọn.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí òṣùpá àrànmọ́jú kẹrin tó yọ. Wọ́n tì mí mọ́ ọgbà àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìyá Wòwájú, olùkọ́ wa, jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò bojú wo ilẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ọjọ́ kìíní, ó to kèrègbè sílẹ̀ gbọrọrọ, ó ní kí n máa gba àárín wọn. Mo fọ́ gbogbo wọn. Ọjọ́ kejì, ó ní kí èmi àti alágẹmọ sáré, ẹni tó bá kẹ́yìn láìṣubú ló borí. Èmi tí mo lé àgbọ̀nrín bá! Alágẹmọ fi ìlọ́ra nà mí, mo ṣubú lẹ́ẹ̀méje, wọ́n sì da omi lù mí lẹ́ẹ̀méje. Ọjọ́ kẹta, ó gbé ẹyin lé itan mi, ó ní kí n sáré, kí n sì dúró lójijì kí ẹyin má já bọ́. Odidi ọjọ́ yẹn, ẹyin ni wọ́n ń fọ̀ lára ṣòkòtò mi.

Ojoojúmọ́ ni mo ń bi í pé, "Ìyá, ẹ mọ Ládàpọ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Wo iwájú rẹ."

Kèrègbè mìíràn a tún fọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún ó dá mi dúró. Ó ní, "Ọdẹ, bí ẹfọ̀n bá kọjú sí ọ nínú igbó, kí lo máa ń ṣe?"

Mo ní, "N ó tẹjú mọ́ ọn ni. Ẹni tó bá gbójú kúrò lára ẹfọ̀n, òun ni wọ́n ń lọ sin."

Ó mi orí. "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹfọ̀n ni yóò pa ọ́ lórí alùpùpù. Ibi tí ojú bá lọ ni ọwọ́ ń lọ, ibi tí ọwọ́ bá lọ ni táyà ń lọ. Gbogbo kèrègbè tí o fọ́ pátá, o tẹjú mọ́ wọn kí o tó fọ́ wọn. Ohun tó bá bà ọ́ lẹ́rù, rí i lẹ́ẹ̀kan, kí o wá máa wo ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá."

Ẹ gbọ́ ètekéte! Kí ọdẹ má wo ọ̀tá rẹ̀! Mo dúpẹ́ lẹ́nu, inú mi ń sọ pé Ládàpọ̀ ló kọ́ ìyá yìí ní ohun tó ń sọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo sì gbọ́ ẹ̀rín Àwẹ̀ró láti òdì kejì ọgbà. N kò lè ṣì í mọ̀. Ohùn ọkùnrin kan tẹ̀lé e, ó ní, "Ẹ tún un ṣe fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré."

Kí ni kó tún ṣe fún un? Ẹ sọ fún mi, kí ni?

"Bàbá, bóyá ó ń kọ́ ọ ní nǹkan ni," Ṣíjúadé ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n tó ń gùn ọ́ báyìí, èmi kò ní in nígbà náà. N kò sùn, n kò jẹun. Mo kọ́ ìyókù ẹ̀kọ́ náà, mo sì mọ̀ ọ́n díẹ̀, mo tilẹ̀ fi ìlọ́ra na alágẹmọ pàápàá. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò kúrò ní òdì kejì ọgbà.

Ọjọ́ ìdánwò bọ́ sí ọjọ́ òṣùpá gan-an. Bí mo bá yege láàárọ̀, n ó gba alùpùpù onígbá méjì ní ọ̀sán, n ó gbé Àwẹ̀ró jáde kí òòrùn tó wọ̀. Bí n kò bá yege, ó di ti ìlú. Kọ́nà méje ni ọ̀nà náà ní, àwọn ará ìlú sì tò sórí pèpéle lọ́tùn-ún lósì.

Mo mú kọ́nà kìíní bí ẹni ń fa òwú nínú abẹ́rẹ́. Èkejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Wòwájú fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo yọ sí kọ́nà kẹfà, mo rí Àwẹ̀ró.

Ó jókòó sí etí pèpéle. Ó ti rẹwà sí i, ẹ̀yin ará, ó dà bíi pé àárọ̀ ọjọ́ náà tìtorí rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan sì wà lórí alùpùpù lẹ́bàá pèpéle náà, tó na ọrùn, tó gbẹ́nu lé etí rẹ̀. Àwẹ̀ró náà tẹ̀ sí i, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe nǹkan lójú òfuurufú.

Ọ̀nà lọ sí òsì. Ojú mi lọ sí ọ̀tún. Ẹ ti mọ ibi tí táyà lọ.

Mo kọ lu ọkùnrin náà gbàgà! Àwa méjèèjì balẹ̀, ilẹ̀ sì sun wá bí iṣu. Wọ́n da omi lù wá, wọ́n fà wá sórí pákó. Kí n tó gbá a lọ́rùn mú, ó ti ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe fún yín? Èmi ni Ládàpọ̀ tó ní kí wọ́n kí yín!"

"Kí lò ń sọ sí olólùfẹ́ mi létí?"

"Kọ́nà kẹfà yìí ni mo ń bi wọ́n! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gbé mi ṣubú. Èmi ni ìdánwò kàn lẹ́yìn yín, ìyàwó mi sì ń dúró dè mí ní ẹnubodè!"

Ìgbà yẹn ni mo rí màrìwò lẹ́yìn rẹ̀, àti yànmùyánmú rẹ̀ tó dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Gbogbo ohun tó yẹ kí ọdẹ rí ló wà níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni mo rí.

Ìyá Wòwájú kò bú mi. Ó ní, "Padà wá lẹ́yìn oṣù kan," ó sì kọjá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn èèyàn rí, ẹ bá mi wo ọ̀sán ọjọ́ náà. Mo jókòó sórí pèpéle ẹnubodè, egbò ní orúnkún, òòrùn ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ìkà. Mo sunkún, èmi tí iwin ń pè ní Bàbá.

Nígbà tí òòrùn ku ìwọ̀n ọ̀pẹ kan kó wọ̀, mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì kan. Kì í ṣe ohùn yànmùyánmú, kì í sì í ṣe ti kìnnìún. Ohùn ìyá tó ń rẹ ọmọ ni. Àwẹ̀ró ló wà lórí rẹ̀, akoto lórí, ẹrù rẹ̀ níwájú. Kò sí màrìwò lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi, kí ẹ bá mi tijú: "Ta ló ni alùpùpù yìí?"

"Èmi ni."

"Ta ló fún ọ?"

"Ìdánwò ló fún mi." Ó bọ́ akoto, ó wò mí. "Oṣù mẹ́rin ni mo ti wà níbí, Ọdẹ́rìndé. Ṣé o rò pé ẹkún ni mo ń sun?"

"O ti mọ̀ pé n kò ní í yege?"

"N kò mọ̀. Ojú rẹ ni mo mọ̀. Bó o bá ń wò mí, bí ẹni ń wá ibi tí mo tọ́jú ìbọn sí ni. Mo ní bí ojú yẹn bá bá ọ dé ọ̀nà, kí n ti múra sílẹ̀. Ṣé o máa gùn ún, àbí o fẹ́ kọ́kọ́ bi mí léèrè orúkọ ẹni tó fọ̀ ọ́?"

Oníbodè na igbá rẹ̀ dí wa lọ́nà. "Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọdẹ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbé èèyàn."

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ṣé òfin ní kí èèyàn má gbé akẹ́kọ̀ọ́?"

Oníbodè tú awọ òfin. Ó gùn ju ejò lọ. Ó ń kà, òòrùn ń lọ. Ó dé ìdajì, òòrùn fẹnu kan orí igi. Mo fẹ́ pariwo, Àwẹ̀ró fún ọwọ́ mi mọ́lẹ̀. Nígbà tó ku ohun tó kéré bí èékánná, oníbodè ká awọ náà.

"Kò sí níbẹ̀. Èèyàn méjì, alùpùpù kan. Ẹ máa lọ."

Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Bẹ́ẹ̀ ni, ọdẹ Ọdẹ́rìndé jókòó sẹ́yìn obìnrin jáde ní ìlú. Ó ní, "Bí mo bá tẹ̀, kí o bá mi tẹ̀. Má ṣe bá mi wa ọ̀nà." A wọ igbó. Mo ń yọ ọrùn wo kòtò, mo ń yọ ọrùn wo gbòǹgbò, alùpùpù sì ń mì. Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, ojú ẹnì kan ló tó alùpùpù kan."

Mo gbé àgbọ̀n mi lé èjìká rẹ̀. Òórùn òrí tó fi para ń fẹ́ sí mi. Mo dijú. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí sí ẹnu iṣẹ́ ọdẹ, n kò dijú nínú igbó rí, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ìgbà tí alùpùpù náà ṣíwọ́ mímì.

"Bàbá," Ṣíjúadé ló tún ń bi mí, "ṣé ẹ padà lọ ṣe ìdánwò náà?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta mo gba kọ́nà kẹfà, mo wá ṣubú ní ìkeje nítorí mo ń wo ẹni tó ń kí mi kú oríire.

"Ta ló wá gbé yín wá sí páàkì lónìí?"

Ẹ ò gbọ́ fèrè yẹn lábẹ́ igi mángòrò lọ́hùn-ún? Àwẹ̀ró ti fun ún lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá fun ẹ̀kẹta, yóò máa fura pé obìnrin kan ló dá mi dúró síbí. Ẹ yà, ẹ yà lọ́nà fún mi.